Wàláà Àgbà àti Wàláà Tuntun

Táblẹ́ẹ̀tì ni àwọn ènìyàn ń pè é. Wàláà ni èmi ń pè é, nítorí a ń kọ ọ́, a ń pa á rẹ́, a sì ń tún un kọ bíi ti ọmọ kéú.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, owó tí mo tù jọ kò ju ti ẹyọ kan lọ. Àlòkù iPad Pro ti ọdún 2018 ni ọkàn mi kọ́kọ́ fà sí. Kí n má purọ́, àgbà ni: ó yára ju Galaxy Tab S9 FE tí Samsung gbé jáde ní 2023 lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni a ó ra kálàmù rẹ̀, kò ní ihò tí a lè ki káàdì ìpamọ́ bọ̀, bátìrì rẹ̀ sì ti gbó. Ẹ̀yin náà sì mọ iná wa!

Ìyá mi àgbà ní Ìsẹ́yìn ti lé ní ẹni 80 ọdún. Ẹkún ìyàwó tó wà lẹ́nu rẹ̀ ni mo fẹ́ gbà sílẹ̀, kí n sì fi ọwọ́ ara mi sàmì ohùn sí i. Ti Samsung bá kálàmù wá, ó ń gba káàdì, omi kò sì tètè bà á jẹ́ (òrùlé màmá a máa jò). Òun ni mo rà. Ní ìsinmi tó ń bọ̀, a ó bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí òun fúnra rẹ̀ sun lọ́jọ́ tó ń lọ sílé ọkọ.