Àkísà Náà Ti Jẹ́ Aṣọ Tuntun Rí

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Wọ́n á ní, kí ló da àáfà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún pọ̀ mọ́ kàtúùnù àwọn ọmọdé? Ẹ fún wa ní sùúrù díẹ̀. Kàtúùnù yìí kàn wá, ó kan ọmọ tí a bí, ó sì kan ilé-kéwú tí a fi ọwọ́ ara wa dá sílẹ̀.

Ní 1991 ni Ọlọ́hun ṣí ọ̀nà fún wa láti lọ kàwé ní ilẹ̀ Lárúbáwá. A ti parí kéwú nílé, a sì ti jáde ìwé mẹ́wàá. A rò pé a gbọ́ Lárúbáwá. Ṣé a kò mọ gírámà rẹ̀ ni? Ṣé a kò lè sọ ìdí tí ìparí ọ̀rọ̀ kan fi yàtọ̀ sí ti èkejì? Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ọjà láti ra búrẹ́dì, ohun tí ẹlẹ́búrẹ́dì ń sọ kò jọ ohun tó wà nínú ìwé wa rárá. Bí àwa náà bá sì la ẹnu, ẹ̀rín ni àwọn ọmọ ibẹ̀ fi ń rín wa. Wọ́n ní à ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń ka ìwé fún ọba.

Ọmọ Lẹ́bánónì kan wà tí àwa pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń gbé yàrá kan náà. Ó ní kásẹ́ẹ̀tì fídíò mélòó kan tó ń tọ́jú bí ẹyin. Ní alẹ́ ọjọ́ Alámìísì kan, ó fi ọ̀kan sínú ẹ̀rọ. Róbọ́ọ̀tì ńlá kan tó ní ìwo lórí ló jáde. Ọmọkùnrin tó wà nínú rẹ̀ la ẹnu, àfi bí ẹni pé ìwé wa ló ń bá wa sọ̀rọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé, gbogbo ìparí rẹ̀ dán. Ẹ̀yin ọmọ ìyá, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú wa. Ẹni àkọ́kọ́ tí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé wa ní ìlú àjèjì, inú róbọ́ọ̀tì ló wà.

Orúkọ róbọ́ọ̀tì náà ni Grendizer. Àwọn ará Jàpáànù ló ṣe é. Go Nagai ló ro ìtàn rẹ̀, ilé iṣẹ́ Toei ló sọ ọ́ di kàtúùnù. Apá 74 ni, wọ́n sì fi í hàn lórí tẹlifíṣàn wọn láti oṣù Kẹwàá 1975 títí di oṣù Kejì 1977. Ìtàn ọmọ ọba kan tí ń jẹ́ Duke Fleed ni. Àwọn ọmọ ogun Vega pa ayé tí wọ́n bí i sí run, ó sì gbé róbọ́ọ̀tì náà sá wá sí ayé tiwa. Ọ̀mọ̀wé kan gbà á sílé bí ọmọ, ó sọ ọ́ ní Daisuke. Ó wá ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sin màlúù àti ẹṣin, kò sì sọ ẹni tí òun jẹ́ fún ará ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn Vega dojú kọ ayé wa pẹ̀lú, ó jáde láti gbèjà àwọn tó gbà á.

Ní òpin àwọn ọdún 1970 ni àwọn ará Lẹ́bánónì túmọ̀ rẹ̀ sí Lárúbáwá. Jihad al-Atrash ni ohùn Duke Fleed, Sami Clark ló kọ orin rẹ̀. Wọn kò lo èdè ìgboro Beirut. Lárúbáwá inú ìwé ni wọ́n lò, kí ọmọ Kuwait àti ọmọ Iraq lè gbọ́ ọ bí ọmọ Lẹ́bánónì ṣe gbọ́ ọ. Ogun abẹ́lé sì ń jà ní Lẹ́bánónì nígbà náà; 1975 ló bẹ̀rẹ̀, kò parí títí di 1990. Ọ̀rẹ́ wa sọ fún wa pé bí ìbọn bá ti ń dún, ìyá wọn a kó wọn jọ sí àárín ilé níbi tí kò sí fèrèsé. Bí iná bá wà, wọn a gbé tẹlifíṣàn síbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ó ní, "Arákùnrin mi, ọmọ tí wọ́n lé kúrò nílé ni Duke Fleed. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwa náà sá kúrò nílé kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá." Ọjọ́ náà ló yé wa pé kì í ṣe irin ni àwọn ọmọ wọ̀nyí fẹ́ràn.

Nígbà tí a padà sílé tí a dá ilé-kéwú sílẹ̀, a fẹ́ kí àwọn ọmọ máa sọ Lárúbáwá lẹ́nu, kí wọ́n má kàn máa kà á lójú ìwé. Ní 1996, a kọ eré kúkúrú kan fún ọjọ́ Wòlímọ̀. "Àlejò" ni a pè é. Ogun lé ọmọ ọba kan kúrò nílùú, ó sá dé oko kòkó bàbá kan. Bàbá náà fún un ní omi, ó fún un ní oúnjẹ, ó sì fún un ní iṣẹ́. Nígbà tí àwọn ọ̀tá tọ ipasẹ̀ rẹ̀ wá, ó dìde, ó sọ̀rọ̀ kan ní Lárúbáwá tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé: "Ilẹ̀ tó gbà mí lálejò, èmi náà yóò gbà á lọ́wọ́ ọ̀tá." Bí ó bá ti dé ibẹ̀, àtẹ́wọ́ a sọ, àwọn ìyá a máa nu ojú. Ó lé ní ọdún 25 tí àwọn ọmọ fi ń ṣe eré yìí láìyí ọ̀rọ̀ kan padà.

Àkọ́bí wa obìnrin ti ń bá wa kọ́ àwọn ọmọ láti ìgbà tí ó ti jáde ilé ìwé gíga. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ó kúnlẹ̀, ó na tákàdá sí wa. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo tún 'Àlejò' kọ. Ẹ bá mi wò ó kí a tó fi kọ́ àwọn ọmọ." A bi í pé kí ló ṣe èyí tó wà nílẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ kàn ń há a sórí ni, wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ní ogójì ìṣẹ́jú ti pọ̀ jù fún wọn. Ó tún ní àwọn ọmọbìnrin kò ní iṣẹ́ kankan nínú rẹ̀ ju kí wọ́n gbé omi wá fún àlejò lọ. A gba tákàdá náà, a fi í sábẹ́ àwọn ìwé wa. A kò kà á. A kò sọ pé rárá, a kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ òbí mọ irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Keje ọdún náà ni Grendizer tuntun jáde. Grendizer U ni wọ́n pè é. Ilé iṣẹ́ Manga Productions ti Riyadh ló da ọwọ́ pọ̀ mọ́ àwọn ará Jàpáànù láti ṣe é. Mitsuo Fukuda ló darí rẹ̀, Yoshiyuki Sadamoto ló tún àwòrán àwọn ènìyàn inú rẹ̀ yà. Apá 13 péré ni. Ní Riyadh yìí kan náà, ní 2022, wọ́n ti gbé ère Grendizer kan dúró tó ga ju mítà 30 lọ. Ẹ wo bí ìfẹ́ náà ti pọ̀ tó. Ẹni tó bá sì fẹ́ràn nǹkan tó bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ bínú nítorí rẹ̀.

Wọ́n bínú lóòótọ́. Ọ̀rẹ́ wa ará Lẹ́bánónì, tó ti ní ọmọ-ọmọ báyìí, fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù wa. Ó ní wọ́n ti ba ohun kan ṣoṣo tí ogun kò bà jẹ́ fún òun jẹ́. Àwọn kan ní ìtàn náà ń sáré jù. Àwọn kan ní ojú Duke Fleed kì í ṣe ojú tí àwọn mọ̀. Àwọn kan ní àwòrán kò dán tó. Àwọn mìíràn ní àwọn ọmọbìnrin ọba méjì, Rubina àti Teronna, ti gba ojú eré, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wá pọ̀ jù. Àwọn tó kù ń dárò Sami Clark, tó ti kú ní oṣù Kejì 2022. Wọ́n ní láìsí ohùn rẹ̀, kò sí Grendizer. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ kan tí kò mọ ti àtijọ́ ní ó dùn mọ́ àwọn, wọ́n yin ìjà rẹ̀, wọ́n yin orin rẹ̀.

Àwa náà wò ó lórí fóònù. Èdè Jàpáànù ni a gbọ́, Lárúbáwá ń sáré kọjá nísàlẹ̀. A dúró de ohùn tí a mọ̀ ní 1991, kò wá. Kí apá kejì tó dé ìdajì, a ti pa á. Ọmọ wa wà nítòsí, a sì fi òwe sọ̀rọ̀ kí ó lè gbọ́: "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Òótọ́ ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n àkísà náà ti jẹ́ aṣọ tuntun rí." Ó wá bi wá pé, "Apá mélòó ni ẹ ti wò?" A ní ọ̀kan àbọ̀.

Ó jókòó tì wá, ó ń ṣàlàyé. Ó ní ní oṣù Keje 1975, kí Grendizer tó dé orí tẹlifíṣàn, Toei ti kọ́kọ́ ṣe fíìmù kúkúrú kan tí kò tó wákàtí kan. Duke Fleed wà nínú rẹ̀, ọmọbìnrin ọba tí ń jẹ́ Teronna náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n róbọ́ọ̀tì kò tíì máa jẹ́ Grendizer. Fíìmù yẹn ni wọ́n tún ṣe tó di apá 74 tí gbogbo ayé mọ̀. Ó ní, "Teronna tí wọ́n ń pè ní àjèjì, òun ló kọ́kọ́ débẹ̀. Lárúbáwá tí ẹ fẹ́ràn ńkọ́? Ṣebí àwọn ará Lẹ́bánónì yọ ohùn àwọn ará Jàpáànù kúrò kí wọ́n tó fi tiwọn sí i?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wolẹ̀. "Ẹ̀yin náà ńkọ́, Bàbá? Ẹ yọ róbọ́ọ̀tì kúrò pátápátá, ẹ sọ ibi tí wọ́n ti ń sin màlúù di oko kòkó, ẹ fi ṣe Wòlímọ̀."

A kò rí èsì fọ̀. Láti 1996, a kò sọ fún ẹnikẹ́ni ibi tí "Àlejò" ti wá. Ojú ń tì wá kí àwọn òbí má baà gbọ́ pé inú kàtúùnù ni àáfà ti rí i. Ọmọ yìí ti mọ̀, ó sì bò wá láṣìírí.

Lóru ọjọ́ náà ni a fa tákàdá rẹ̀ yọ. Nínú tirẹ̀, ọmọbìnrin olóko ló kọ́kọ́ rí àlejò, òun ló fi í pamọ́, òun ló sì bẹ bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kúrú, irú èyí tí ọmọdé lè sọ kí ó sì mọ ohun tó sọ. A ń wá gbólóhùn kan. A dé ìsàlẹ̀ ojú ewé tó kẹ́yìn, a bá a níbẹ̀: "Ilẹ̀ tó gbà mí lálejò, èmi náà yóò gbà á lọ́wọ́ ọ̀tá." Kò yí àmì kan padà lórí rẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni a fi bínú sí ọmọ wa nítorí ohun tí kò ṣe.

A pè é, a tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa pẹ̀lú rẹ̀ wá jókòó, a wo Grendizer U tán, apá kan ní alẹ́ kan. A kò ní purọ́ fún yín, ti àtijọ́ ṣì dùn mọ́ wa jù. Apá 13 kéré jọjọ sí ìtàn tó gba 74. Kí ènìyàn tó káàánú ẹnì kan, òmíràn ti dé. Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ kò ṣì í sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n lé kúrò nílé ṣì wà níbẹ̀, ó ṣì ń gbèjà ilẹ̀ tó gbà á.

Ohun tí a rí kọ́ nìyí. Ẹ̀hónú méjì ló máa ń wà bí wọ́n bá tún nǹkan ṣe. Èkíní ni ti ẹni tó wò ó tán, tó sì rí i pé wọ́n ti gbé ọkàn ọ̀rọ̀ náà sọnù. Ẹni náà ń gba ohun kan là, ó yẹ kí a gbọ́ tirẹ̀. Èkejì ni ti ẹni tí ń wá ọmọ ogún ọdún tí òun jẹ́ nígbà kan, tí kò rí i mọ́, tó wá ń bínú sí ẹni tó ran aṣọ tuntun. Èkejì yìí ni tiwa. Kò burú kí ọkàn ènìyàn fà sí àtijọ́. Ohun tó burú ni kí a fi ìfàsí náà jókòó lé iṣẹ́ ọmọ wa láìkà á.

Ní ọjọ́ Wòlímọ̀ ọdún náà, àwọn ọmọ ṣe "Àlejò" tuntun ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí wọ́n ti parí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kéwú wa àtijọ́, tó ti di bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, wá bá wa pẹ̀lú ojú kíkorò. Òun ló ṣe ọmọ ọba ní 1999. Ó ní, "Àáfà, ẹ ṣe jẹ́ kí wọ́n ba iṣẹ́ yín jẹ́?"

A bi í pé, "Ṣé o wò ó dé òpin?"

Ó ní òun ti jáde síta nígbà tí òun rí i pé ọmọbìnrin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

A fà á lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ ọmọdékùnrin tó ṣe àlejò, tí kò tíì bọ́ aṣọ eré lọ́rùn. A ní kí ọmọ náà tún gbólóhùn tó kẹ́yìn sọ. Ó sọ ọ́, gbogbo ìparí ọ̀rọ̀ pé. Kí ó tó sọ ọ́ tán, ẹnu bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta ti ń bá a sọ ọ́ lọ.