Òdòdó Àgékù Bébà

Dúdú kirikiri ni bébà tó wà nísàlẹ̀. Kò dán, kò sì ní àbààwọ́n. Láti inú dúdú yẹn ni ẹ̀ka òdòdó kan ti yọ jáde: igi rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ewé rẹ̀ gùn gbọọrọ, òdòdó ńlá kan sì là gbàgàdà láàárín wọn. Láti òkèèrè, ọ̀dà ni ènìyàn yóò pè é. Ìgbà tí ojú bá sún mọ́ ọn ni etí bébà máa ń hàn, tí ọ̀kan gun orí èkejì, tí tòkè sì ta òjìji tín-ín-rín sórí tìsàlẹ̀.

Passiflora laurifolia ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pe òdòdó náà. Apá ibi tí oòrùn ti ń mú ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀. Awẹ́ rẹ̀ ṣí sẹ́yìn, okùn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sì yí àárín rẹ̀ ká, funfun pẹ̀lú elésè àlùkò. Àlùmọ́gàjí ló gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó di lílẹ̀. Bébà tó para pọ̀ di òdòdó kan ṣoṣo yìí lé ní 230.

Mary Delany ló ṣe é. Ọdún 1700 ni wọ́n bí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1772 ló sì bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí, lẹ́ni ọdún 72. Ọkọ rẹ̀ kejì, Patrick Delany, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní Ireland, ti kú ní 1768. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ tún ọgbà ilé wọn ṣe nítòsí Dublin. Lẹ́yìn ikú ọkọ yìí, ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dọọdún ni opó náà fi ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Margaret Bentinck, tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Duchess of Portland, ní ààfin Bulstrode.

Bulstrode ni ọ̀rọ̀ bébà ti bẹ̀rẹ̀. Bébà pupa kan láti ilẹ̀ Ṣáínà wà lórí tábìlì, òdòdó geranium sì wà nítòsí rẹ̀. Pupa tibí àti pupa tọ̀hún bá ara wọn mu gẹ́lẹ́. Delany mú àlùmọ́gàjí, ó ń wo òdòdó, ó ń gé bébà, títí awẹ́ bébà fi tò sórí tábìlì bí awẹ́ gidi ṣe tò lórí igi. Wọ́n ní nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé, ó rò pé òdòdó tòótọ́ ni Delany ń já wẹ́wẹ́.

Ọwọ́ náà kì í ṣe ọwọ́ òpè. Ó ti pẹ́ tó ti ń gé bébà dúdú sí àwòrán ojú ènìyàn, ó ń fi abẹ́rẹ́ kó òdòdó sára aṣọ, ó sì ń fi ìkarahun ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Gbogbo èyí ti wà ní ìka rẹ̀ kí àgékù pupa yẹn tó bọ́ sí i lójú.

Ibi tí bébà rẹ̀ ti ń wá pọ̀. Ó ń gba bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Ó ń gba ti ilẹ̀ Ṣáínà lọ́wọ́ àwọn ọ̀gákọ̀ ojú omi. Ó sì ń gba èyí tó bàjẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe bébà, àwọn tí aró wọn ti ṣàn kọjá ààlà. Fún oníṣòwò, ìdọ̀tí ni bébà tí aró rẹ̀ ṣàn. Fún ẹni tó fẹ́ ṣe awẹ́ òdòdó, òun gan-an ló níye lórí jù, nítorí pé awẹ́ òdòdó kì í ní àwọ̀ kan ṣoṣo láti ìdí dé etí. Níbi tí pupa ti ṣàn wọ inú osùn, tí osùn náà sì ń ṣá lọ sí funfun, iṣẹ́ ti parí kí àlùmọ́gàjí tó kàn án.

Igi òdòdó tútù ni yóò gbé ka iwájú. Yóò wò ó pẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò máa yẹ àgékù wò, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ewé ló ń fi ọgbọ́n rẹ̀ hàn jù. Bébà aláwọ̀ ewé tó dúdú díẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gé sí odindi ewé. Lórí rẹ̀ ni yóò lẹ èyí tó mọ́lẹ̀ jù ú lọ sí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá bà lé, yóò sì fi òmíràn tó tún ṣókùnkùn sí abẹ́ ìṣẹ́po. Iṣan ewé yóò wá gba àárín kọjá, tín-ín-rín bí irun. Níbòmíràn, ó fi ọ̀dà olómi díẹ̀ tọ́ ọ.

Nínú àwòrán Physalis, èso kan tí èèpo tó yí i ká rí bí fìtílà, ohun mìíràn wà lára bébà. Àwọ̀n ewéko gidi ni, èyí tí ẹran ara rẹ̀ ti jẹrà kúrò, tó ku iṣan nìkan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà tó pọ́n gidigidi, àwọ̀n náà ṣú díẹ̀, ó gbẹ, ihò inú rẹ̀ sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi ní láti dúró kí ó tó lè kà wọ́n. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn.

Ẹwà nìkan kọ́ ni ó ń lé. Ó ń ka ọ̀pá kéékèèké tó ń ru ìyẹ̀ òdòdó, iye tí igi bá ní ni bébà gbọ́dọ̀ ní. Ìdí rẹ̀ ni pé iye ọ̀pá wọ̀nyẹn ni Carl Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, fi ń pín òdòdó sí ẹgbẹ́ẹgbẹ́, ìlànà rẹ̀ sì ni arúgbó náà ń tẹ̀ lé. Joseph Banks, onímọ̀ ewéko tó bá James Cook rìn yí ayé ká, wà lára àwọn tó gbóríyìn fún iṣẹ́ náà. Láti ọgbà ọba ní Kew ni wọ́n tún ti ń fi igi àjèjì ránṣẹ́ sí i.

Ọdún mẹ́wàá ni Delany fi ṣe iṣẹ́ yìí, òdòdó bébà rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 1,000. Ní 1782, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́ dáadáa, ó gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀. Ìwé ńlá mẹ́wàá ló gba àwọn òdòdó náà, láti 1897 sì ni wọ́n ti wà ní British Museum ní London. Lẹ́tà MD, tí òun náà jẹ́ bébà gígé, wà ní igun ọ̀pọ̀ lára wọn. Lẹ́yìn bébà dúdú ni ó kọ ìyókù sí: orúkọ igi, ẹgbẹ́ tí Linnaeus fi í sí, ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, ibi tí ó ti ṣe é, àti orúkọ ẹni tó fún un ní òdòdó.