Ilé tí wọ́n kọ́ torí akónilẹ́rú: Ẹ wo àrà táwọn ará Àtàkórà ń fi amọ̀ dá!

Ẹni tó bá dé òkè ọ̀hún lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, láti Natitingou dé Boukoumbé, títí wọ agbègbè Kandé ní Tógò, á kọ́kọ́ rò pé odi kéékèèké ló wà káàkiri inú oko ni. Odi kọ́ o, ilé ni! Àwọn Batammariba, táwọn mìíràn ń pè ní Somba, ló ni wọ́n. Takienta ni wọ́n ń pe ilé náà, amọ̀, igi àti koríko ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọ.

Láyé tí akónilẹ́rú ń gẹṣin kiri, odi làwa Yorùbá mọ yí ìlú ká. Ẹ̀yìn odi náà làwọn Ẹ̀gbá wà tí wọ́n fi lé ọmọ ogun Dahomey padà ní 1851 àti 1864. Ṣùgbọ́n àwọn Batammariba ò lọ́ba, wọn ò sì mọ odi ìlú. Baálé kọ̀ọ̀kan ló sọ ilé tiẹ̀ di odi.

Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, èèyàn ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó lè wọlé. Ìsàlẹ̀ ṣókùnkùn, ibẹ̀ lẹran ń sùn. Lókè ni yàrá ìsùn àti àká ọkà wà, àká náà ga bí ilé ìṣọ́, ó dé fìlà koríko. Ihò kan wà nílẹ̀ òkè yẹn, òkúta ni wọ́n fi ń dé e. Ọ̀tá tó bá fipá wọlé, ojú ihò yẹn lonílé á ti ta á lọ́fà.

Ọkùnrin ló ń mọ ògiri, obìnrin ló ń rẹ́ ẹ. Omi èèpo èso igi irú wà lára ohun tí wọ́n ń lò, kí òjò má baà fọ̀ ọ́ lọ.

UNESCO ka apá ti Tógò mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2004, wọ́n fi ti Bẹ̀nẹ̀ kún un ní 2023. Ohun tó dára ni, àmọ́ oyè ò rẹ́ ògiri. Òjò ńlá ọdún 2018 ba ọ̀pọ̀ ilé náà jẹ́, àwọn ọ̀dọ́ tó yẹ kó tún un ṣe sì ń wá iṣẹ́ lọ sílùú ńlá. Èyí tó tún burú ni pé ní December 2021, àwọn agbébọn kọlu àwọn ṣọ́jà ní Porga, ní Àtàkórà yìí kan náà, nítòsí bodè Burkina Faso.

Ẹ̀rù tó mú baba ńlá wọn kọ́lé ti tún padà dé, bẹ́ẹ̀ ògiri tó ń gba ọfà ò lè gba ìbọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ wò ó, ẹ kọ́kọ́ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí o.