Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Ra Róbọ́ọ̀tì

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Èmi náà ní tèmi láti fi kún un: ilé là ń wò kí a tó ra róbọ́ọ̀tì tí yóò máa nulẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, omi tí ẹ ó fi wẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la lẹ ń dù ní hostel, ẹ ò tíì ronú kan ẹ̀rọ tó ń nulẹ̀ fúnra rẹ̀. Èmi náà ì bá má ronú kàn án, bí kì í bá ṣe ti Bọ̀dá mi tó wà ní Manchester. Wọ́n pè mí lọ́jọ́ Sátidé kan pé àwọn fẹ́ ra róbọ́ọ̀tì ìnulẹ̀ fún Mọ́mì, pé èmi ni kí n yan èyí tó dára, torí èmi ni mo mọ ilé.

Ilé ọ̀hún kò tóbi. Yàrá mẹ́ta, pálọ̀ kan, kọ́rídọ̀ kan àti ilé ìdáná, ní àdúgbò kan ní Ìbàdàn tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí ọ̀nà rẹ̀. Táìsì ló wà ní pálọ̀ àti yàrá, sìmẹ́ńtì ló wà ní ilé ìdáná. Mọ́mì ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, orúnkún wọn méjèèjì sì ti ń yọ wọ́n lẹ́nu tipẹ́. Síbẹ̀, lójoojúmọ́, ní nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀, bí wọ́n bá ti gbàdúrà tán, wọ́n á pọn omi sí bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n á kán Izal sí i, wọ́n á kúnlẹ̀, ó di ìnulẹ̀ láti yàrá títí dé pálọ̀. Mọ́ọ̀pù onígi wà nílé o. Wọ́n ní ìyẹn kàn ń fi ìdọ̀tí ṣeré ni.

Ní 2022 tí ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kejì títí wọ oṣù kẹwàá, èmi ni mo gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ wọn. Oṣù mẹ́jọ gbáko! Ẹ̀yin tí a jọ jókòó sílé nígbà náà mọ ohun tí mò ń wí. Àwọn kan kọ́ṣẹ́ télọ̀, àwọn kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe kéèkì, èmi kọ́ ilẹ̀ nínù. Nígbà tí wọ́n pè wá padà sí iléèwé, àkísà padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, Mọ́mì yọ̀ ṣubú lórí táìsì tó tutù. Wọn ò sọ fún ìkankan nínú wa. Aládùúgbò wa kan ló ta mí lólobó nígbà tí mo délé, pé ọjọ́ mẹ́rin ni Mọ́mì ò fi yọjú síta. Mo bi wọ́n léèrè, wọ́n ní, “Àjàní, ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá mi. A kàn pàdé ara wa ni.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún Bọ̀dá mi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ róbọ́ọ̀tì ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nílé wa, òwe yìí kì í ṣe òwe lásán. Àkísà Mọ́mì lé ní ogún: yúnífọ́ọ̀mù tí mo wọ ní praìmárì, ìró tí wọ́n fi ṣòkú bàbá wọn, táwẹ́ẹ̀lì tí Bọ̀dá mi gbàgbé sílé. Wọ́n mọ èyí tó ń fa omi dáadáa, wọ́n mọ èyí tó le tó láti fi họ epo pupa kúrò nílẹ̀. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni èèyàn máa kàn ki ọwọ́ bọ íntánẹ́ẹ̀tì mú ẹ̀rọ fún? Mo jókòó, mo kà nípa wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Èwo tiẹ̀ ni ẹ̀rọ náà? Púpọ̀ nínú wọn rí roboto bí abọ́ ńlá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó ní táyà lábẹ́, ó sì ní bátìrì nínú. Ní 2002 ni ilé-iṣẹ́ iRobot ní Amẹ́ríkà gbé Roomba jáde, àmọ́ ìyẹn ń gbálẹ̀ lásán ni. Ní 2005 ni wọ́n gbé Scooba jáde, òun ló ń fi omi fọ ilẹ̀. Lóde òní, ọ̀pọ̀ lára wọn ló ń ṣe méjèèjì pa pọ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ni mo rí tí wọ́n ń gbà nulẹ̀. Àwọn kan kàn ń wọ́ aṣọ tútù kiri nídìí, bí ọmọdé tó ń wọ́ aṣọ ìbora rẹ̀. Àwọn kejì ń gbọn aṣọ náà tìtì bí wọ́n ti ń lọ. Àwọn kẹta ní aṣọ roboto méjì tó ń yí bírí-bírí. Àwọn kẹrin, tó wọ́n jù, ní ohun kan bí òpó kékeré tí wọ́n fi aṣọ wé, tó ń yí lórí ilẹ̀, tí ẹ̀rọ sì ń fi omi mímọ́ ṣan án bó ti ń ṣiṣẹ́, tó ń fún omi ìdọ̀tí kúrò lára rẹ̀. Lójú tèmi, oríṣi kẹta àti ìkẹrin ló sún mọ́ ọwọ́ Mọ́mì jù. Síbẹ̀, èyíkéyìí tí èèyàn bá mú, epo tó ti gbẹ mọ́lẹ̀ láti àná lè ṣẹ́gun rẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ hàn sí mi ni pé ní àdúgbò wa, ẹ̀rọ tó ń nulẹ̀ láìgbálẹ̀ kò wúlò. Eruku pupa ló ń wọlé látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹni tó bá da omi sórí iyẹ̀pẹ̀ kò nulẹ̀, amọ̀ ló ń pò. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lè fa eruku náà.

Mo wá mú rúlà, mo wọn ẹnu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ róbọ́ọ̀tì kì í lè gun ohun tó bá ga ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná wa ga tó sẹ̀ǹtímítà 4. Ìyẹn ni pé láti ọjọ́ kìíní, ilé ìdáná ti bọ́ lọ́wọ́ róbọ́ọ̀tì, àfi tí a bá gba èyí tó ń gun òkè, tí owó rẹ̀ sì ga ju òkè yẹn lọ. Mo tún wo káàpẹ̀tì dúdú tó wà láàárín pálọ̀. Lábẹ́ àwọn ẹ̀rọ yìí, ojú kan wà tó ń tan ìmọ́lẹ̀ tí èèyàn ò lè rí sí ilẹ̀, kó má baà já sínú kòtò tàbí ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Bí ìmọ́lẹ̀ yẹn ò bá padà wá, ẹ̀rọ á gbà pé kòtò ló wà níwájú. Ohun tó bá dúdú kirikiri máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ náà mì, torí náà róbọ́ọ̀tì mìíràn lè dúró síwájú káàpẹ̀tì bẹ́ẹ̀, kó kọ̀ jálẹ̀ bí ewúrẹ́ tó rí omi.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti iná. NEPA, ẹ jẹ́ ká máa pè é bẹ́ẹ̀ torí pé orúkọ tó mọ́ wa lẹ́nu nìyẹn. Bátìrì ni róbọ́ọ̀tì fi ń ṣiṣẹ́, nítorí náà bí iná bá wá lóru, ó lè ṣiṣẹ́ láàárọ̀ kódà bí wọ́n ti mú un lọ. Ṣùgbọ́n aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀ láìsí iná, òkùnkùn biribiri ni. Róbọ́ọ̀tì tó ń fi kámẹ́rà wá ọ̀nà nílò ìmọ́lẹ̀. Èyí tó ń lo LiDAR kò nílò rẹ̀: iná lésà ló ń tàn yí ká, tó fi ń wọn bí ògiri ti jìnnà sí i, tó sì ń ya àwòrán ilé. Ìyẹn dára fún wa. Bí iná bá lọ, Wi-Fi náà lọ nìyẹn, torí náà ó gbọ́dọ̀ ní bọ́tìnì lára tí Mọ́mì lè tẹ̀ láìwá fóònù.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí á rà á ní Amẹ́ríkà torí pé owó rẹ̀ lè dín. Iná tiwọn volt 120 ni, tiwa volt 230, bíi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Púpọ̀ nínú àwọn ìdí ẹ̀rọ tó ń gbé omi kaná tàbí tó ń fi afẹ́fẹ́ gbígbóná gbẹ aṣọ, iná orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti tà á nìkan ló lè gbà. Tí Manchester, kódà ẹnu wáyà rẹ̀ bá sọ́kẹ́ẹ̀tì wa mu.

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà tún ní apá kejì. Àwọn àwòrán kan tí róbọ́ọ̀tì ìdánwò iRobot yà ní 2020, títí kan ti obìnrin kan tó wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. MIT Technology Review ló gbé ìròyìn náà jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2022. Ní oṣù karùn-ún 2024, àwọn jàǹdùkú íntánẹ́ẹ̀tì gba àkóso róbọ́ọ̀tì Ecovacs nílé àwọn èèyàn kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń ti inú rẹ̀ bú àwọn onílé. Mọ́mì mi máa ń ró ìró mọ́yà rìn nínú ilé ara wọn. Mo pinnu: ẹ̀rọ tó ní kámẹ́rà kò ní wọ ilé yẹn.

Ó wá ku Izal. Ìwé ìlò ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kìlọ̀ pé kí èèyàn má da kẹ́míkà apakòkòrò tàbí bílíìṣì sínú tanki, torí pé ó lè ba inú ẹ̀rọ jẹ́. Mo kà á fún Mọ́mì lórí fóònù. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, “Ilẹ̀ tí kò bá rùn Izal, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó ti mọ́?”

Ṣùgbọ́n ohun tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀. Torí orúnkún la ṣe ń wá ẹ̀rọ, àbí? Èyí tó rọrùn lówó kò ní ju ibi tó ti ń gba iná lọ. Ilẹ̀ ló ń gbé. Bí ẹ bá fẹ́ bu omi sí i, ẹ ó bẹ̀rẹ̀. Tanki inú ọ̀pọ̀ wọn kò tó omi inú ọ̀rá piọ́ wọ́tà kan, torí náà ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ tú aṣọ abẹ́ rẹ̀ láti fọ̀ ọ́, ẹ ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tí a rà nítorí orúnkún á wá sọ orúnkún di ẹrú. Èyí tó wọ́n ní ilé tirẹ̀ tó dúró bí àpótí, tí tanki omi mímọ́ àti ti omi ìdọ̀tí wà lókè rẹ̀. Ibẹ̀ ni róbọ́ọ̀tì ti máa ń lọ fọ aṣọ ara rẹ̀, tó sì máa ń bu omi mìíràn. A lè gbé e lé orí pẹpẹ kékeré? Rárá, róbọ́ọ̀tì kò ní lè gùn ún. Àmọ́ ẹni tó bá jókòó sórí àpótí lè yọ tanki yẹn láìkúnlẹ̀, ọmọ aládùúgbò sì lè bá wọn da omi ìdọ̀tí nù kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn.

Nígbà tí mo sọ gbogbo èyí fún Mọ́mì, wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Ṣé yóò máa kí mi káàárọ̀?”

Mo ní, “Mọ́mì, ẹ̀rọ ni.”

Wọ́n ní, “Mo mọ̀. Nígbà ASUU yẹn, ṣé ilẹ̀ nìkan lo bá mi nù ni? Bí o ti ń nu pálọ̀ ni mò ń ṣa ẹ̀wà lórí àga, tí mò ń sọ ìtàn bàbá rẹ fún ọ. Mi ò kọ ẹ̀rọ yín o. Orúnkún mi gan-an fẹ́ ẹ. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí ẹ rà á, kí ẹ wá máa sọ níbi tí ẹ wà pé ilẹ̀ ilé ìyá wa ti mọ́, kò sí wàhálà mọ́.”

Mi ò rí èsì fọ̀. Mo mú bírò, mo kọ ohun tí mo yàn, mo fi ránṣẹ́ sí Bọ̀dá mi: kó lè fa eruku kó sì lè nulẹ̀, kó jẹ́ aṣọ tó ń yí, LiDAR, láìsí kámẹ́rà, bọ́tìnì lára, ilé tó ń fọ aṣọ fúnra rẹ̀, iná volt 230, kí aṣọ àti àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣeé rí rà lọ́tọ̀. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì, torí ilé-iṣẹ́ ńlá náà lè ṣubú. iRobot fúnra rẹ̀ gba kóòtù lọ ní Amẹ́ríkà ní oṣù kejìlá 2025 nítorí gbèsè. Ilé ìdáná ṣì jẹ́ ti Mọ́mì, pẹ̀lú mọ́ọ̀pù onígi gígùn àti Izal wọn. Wọ́n ti gbà láti má kúnlẹ̀ mọ́. Nísàlẹ̀ lẹ́tà náà, mo kọ ohun tí Mọ́mì sọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, mi ò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Bọ̀dá mi ò fi dáhùn. Nígbà tí wọ́n dáhùn, wọ́n ní àwọn ti rí irú ẹ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n àwọn ò ní fi ránṣẹ́ mọ́. Àwọn fúnra àwọn ni àwọn máa gbé e bọ̀ ní Kérésìmesì. Ó ti tó ọdún márùn-ún tí wọ́n ti délé kẹ́yìn.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, lọ́jọ́ kan, ẹ̀yin náà á lówó lọ́wọ́, ẹ ó sì fẹ́ fi ẹ̀rọ kan tu ìyá yín lára. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí iye owó. Ẹ mú rúlà lọ sílé, kí ẹ wọn ẹnu ọ̀nà. Ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ nu ilẹ̀ náà fúnra yín lẹ́ẹ̀kan, láti yàrá dé pálọ̀. Kí ẹ wá bi ìyá yín pé kí ni wọ́n fẹ́.