Ògúndá Méjì àti Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá Bàbá Wa



Ìtàn kan wà nínú Ògúndá Méjì tí ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́. Àwọn méjì ń jà nítorí ẹja kan; kò sí èyí tí ó fẹ́ fi í sílẹ̀ fún ẹnì kejì. Ògún dé bá wọn, ó dá ẹja náà sí méjì, ó fún oníkálukú ní ìlàjì. Láti inú ìtàn yìí ni àwọn àgbà ti máa ń túmọ̀ orúkọ odù náà: Ògún dá ẹja. Irú dídá tí Ògún ń dá nǹkan ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ni ó jẹ́ kí ó yé mi yékéyéké.

Nígbà tí bàbá wa di ará ọ̀run, ọkọ̀ Volkswagen wọn, èyí tí a ń pè ní Ìjàpá, wà lára ogún tí wọ́n fi sílẹ̀. Èkó ni wọ́n ti tò ó pọ̀, ní ilé iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Ó ti pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù, kí a pín owó rẹ̀ sí méjì. Wọ́n ní bí Ògúndá ti wí nìyẹn. Èmi ní kí a tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé fún oṣù mẹ́ta, a kò bá ara wa sọ̀rọ̀. Ìyá wa ni wọ́n bẹ̀ wá pé kí a kọ́kọ́ tú ẹ́ńjìnnì náà wò.

Ẹ̀yìnkùlé ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kí a tó fi sípánà kan irin, a fi obì àbàtà, iṣu sísun àti ẹmu bọ Ògún. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá kò ní rédíétọ̀; afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú lára. Sílíńdà mẹ́rin ni ó ní, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Bí a bá tú gbogbo wọn kúrò, àpótí irin tí kránkì ń yí nínú rẹ̀ ni ó kù, àpótí náà a sì là sí méjì bí obì gbànja.

Mẹkáníìkì àgbà tí ó ń tọ́ wa sọ́nà wá kìlọ̀ pé: “Ẹ má jẹ́ kí ọ̀kan sọnù o. Ìlàjì ẹ́ńjìnnì mìíràn kò lè bá èyí mu.” Ìdí ni pé ìgbà tí wọ́n ti so méjèèjì pọ̀ ni wọ́n gbẹ́ ihò tí kránkì ń jókòó sí.

Nígbà tí a ń dé e padà, èmi di ìlàjì kan mú, ẹ̀gbọ́n mi gbé èkejì lé e. Ìwọ̀n ni a fi ṣe gbogbo rẹ̀: àlàfo fáàlùfù jẹ́ mìlímítà 0.15 nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ọ́ìlì rẹ̀ sì jẹ́ lítà 2.5. Iná pílọ́ọ̀gì náà ní ètò: sílíńdà kìíní, ìkẹrin, ìkẹta, lẹ́yìn náà ìkejì. Ẹbọ tí a rú kò rọ́pò ìwọ̀n wọ̀nyí. Ògún tí ó ni irin ni ó ni ìwọ̀n irin.

Ẹja tí Ògún dá ti kú. Oúnjẹ ni, ìlàjì rẹ̀ yóò sì wúlò fún ẹni tí ó gbà á. Ìlàjì ẹ́ńjìnnì kò lè gbé ẹnikẹ́ni dé ibì kankan. Obì àbàtà pàápàá, à ń pa á kí awẹ́ rẹ̀ lè jọ fọhùn ni. Nítorí náà, ohun kan wà tí a ń dá kí a lè pín in, òmíràn sì wà tí a ń là kí a lè tún un ṣe, kí a sì dé e padà.

Lónìí, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ni a jọ ni Ìjàpá náà. Kò sí ẹni tí ó lè dá a tà. Ìyá wa ni wọ́n kọ́kọ́ jókòó sínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì jí.

Ẹ̀yin tí ogún ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín yín, kí ẹ tó gbé idà, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹja ni ẹ dì mú tàbí ẹ́ńjìnnì.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ. Àṣẹ.