Nígbà tí Fìlà Ẹ́ńgílándì Ń Ti Orí Kan Bọ́ Sórí Òmíràn

Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni rédíò máa ń ka orúkọ àwọn tí wọ́n yàn sínú ikọ̀ kíríkẹ́ẹ̀tì Ẹ́ńgílándì, láyé ìgbà tí mo ń wa bọ́ọ̀sì ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ìyàwó mi á ti wé gèlè tán, á máa pè mí láti ìsàlẹ̀: "Bàbá Fọlákẹ́, ṣé torí àwọn òyìnbó tó máa fìdí rẹmi yìí náà lẹ ṣe fẹ́ ká pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì?" Màá ní kó ṣe sùúrù, wọn ò tíì dárúkọ àwọn tó máa ju bọ́ọ̀lù. Ilé-ìwé gírámà tí mo lọ n'Íbàdàn ni eré náà ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bí mo ṣe gbá a sí.

Gáréèjì wa ò jìnnà sí Kennington, níbi tí pápá The Oval wà. Nílé oúnjẹ àwọn awakọ̀ la ti ń bá Ọbabìnrin yan ikọ̀ rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wa níṣẹ́. Àgbà wa níbẹ̀ ni ọkùnrin Barbados kan tó ti wà nídìí iṣẹ́ náà kí n tó dé ìlú wọn. Ó jù mí lọ dáadáa, torí náà Bọ̀ọ̀dá ni mò ń pè é, òun náà sì gbà á bí orúkọ. Òyìnbó kan tún wà tó wá láti Yorkshire, tó gbà pé ẹni tí wọn ò bá bí ní Yorkshire kò lè mọ bí wọ́n ṣe ń di igi mú. Bọ̀ọ̀dá á mú ìwé iṣẹ́ rẹ̀, á yí i dẹ́yìn, á fi bírò to orúkọ mọ́kànlá síbẹ̀, á wá gbé kọ́ọ̀bù tíì lé e. Ará Yorkshire á rọra gbé kọ́ọ̀bù kúrò, á fa ìlà pa orúkọ mẹ́ta rẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń di bó ò lọ o yà fún mi.

Ọdún 1988 lẹnu ò gbà á. West Indies ló wá bá wọn lálejò, Viv Richards ni ọ̀gá wọn, Malcolm Marshall sì ń ju bọ́ọ̀lù bí ẹni tí Ẹ́ńgílándì jẹ ní gbèsè. Eré Tẹ́ẹ̀sì márùn-ún ni wọ́n gbá, balógun mẹ́rin ni Ẹ́ńgílándì lò. Mike Gatting ló bẹ̀rẹ̀, wọ́n ta ọ̀mì ní Nottingham. Ni àwọn oníwèé ìròyìn bá gbé e pé ó mú obìnrin kan tó ń ta ọtí wọ yàrá hòtẹ́ẹ̀lì. Ó ní kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n yọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà. Gatting yìí kan náà ló kó wọn lọ Ọsirélíà ní 1986 tí wọ́n fi borí o. John Emburey gba ipò balógun, ó pàdánù eré méjì. Ó wá kan Chris Cowdrey, ẹni tí Peter May, olórí àwọn tó ń yan ikọ̀, jẹ́ bàbá ìsàmì fún. Ẹ̀rín tó sọ nínú gáréèjì lọ́jọ́ náà kò kéré! Bọ̀ọ̀dá ju bírò sílẹ̀, ó ní ká má ṣe kíríkẹ́ẹ̀tì mọ́, ká máa wá ẹni tó gbé wa lọ ìsàmì. Eré kan ṣoṣo ni Cowdrey lò tó fi ṣèṣe, Graham Gooch sì dé fìlà ní The Oval. Nígbà tí ìka Gooch náà yẹ̀ níbẹ̀, Derek Pringle ló ń darí wọn lórí pápá. West Indies nà wọ́n ní 4–0, Marshall nìkan lé ènìyàn 35 kúrò nídìí igi, ìyẹn wíkẹ́ẹ̀tì 35. Ènìyàn 23 ni Ẹ́ńgílándì kó jáde.

Lọ́dún kejì, Ọsirélíà dé, ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Eré mẹ́fà, 4–0. Ènìyàn 12 péré ni Ọsirélíà lò, Ẹ́ńgílándì lo 29. David Gower tó jẹ́ balógun àti Jack Russell nìkan ló gbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ní Trent Bridge, Marsh àti Taylor ti Ọsirélíà gbá bọ́ọ̀lù láti àárọ̀ títí wọ́n fi ṣíwọ́ fún ọjọ́ náà: rọ́ọ̀nù 301, wíkẹ́ẹ̀tì kan ò bọ́. Eré yẹn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ mú Devon Malcolm wọlé, ọmọ Jàmáíkà tó ń ju bọ́ọ̀lù bí iná. Rọ́ọ̀nù 166 ni wọ́n gbá lára rẹ̀, wíkẹ́ẹ̀tì 1 ló rí gbà. Ted Dexter tó ti gbapò Peter May tiẹ̀ ṣi orúkọ rẹ̀ pè níwájú àwọn oníròyìn, ó pè é ní Malcolm Devon.

Ará Yorkshire ní kó máa lọ sí Derbyshire tó ti wá. Bọ̀ọ̀dá ní ẹni tó lè ju bọ́ọ̀lù báyẹn, ẹ máa mú un lọ, ẹ máa mú un bọ̀, títí ojú rẹ̀ á fi là. Èmi ní a kì í fi ọjọ́ kan bọ́ ọmọ tó rù. Mo ṣàlàyé òwe náà fún wọn, ará Yorkshire ní ọmọ ta ló rù. Ní The Oval ní 1994, Malcolm yìí gba wíkẹ́ẹ̀tì 9 fún rọ́ọ̀nù 57 lọ́wọ́ Gúúsù Áfíríkà. Bọ̀ọ̀dá ò jẹ́ ká gbádùn títí ọdún fi parí.

Ẹjọ́ Gúúsù Áfíríkà kan wà tí kò ní ẹ̀rín nínú. Wọ́n ń gbá Tẹ́ẹ̀sì Old Trafford lọ́wọ́ ní 1989 nígbà tí ìròyìn já pé agbábọ́ọ̀lù 16 láti Ẹ́ńgílándì ti gbowó láti lọ gbá kíríkẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà apartheid, Gatting sì ni olórí wọn. Àwọn tó ti wọ aṣọ Ẹ́ńgílándì nínú ìdíje tó ń lọ lọ́wọ́ yẹn wà nínú wọn. Aláwọ̀ dúdú méjì, DeFreitas àti Roland Butcher, ti kọ́kọ́ gbà láti lọ, wọ́n padà lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó yí ìwé iṣẹ́ dẹ́yìn.

Ní 1990 ni òṣèlú kan, Norman Tebbit, wá ní ká máa wo ikọ̀ kíríkẹ́ẹ̀tì tí àlejò ń pariwo fún, ká fi mọ̀ bóyá ó ti di ọmọ ilẹ̀. Òdo ni Bọ̀ọ̀dá máa gbà nínú ìdánwò yẹn, West Indies ló ń sùn, tó ń jí lé lórí. Ṣùgbọ́n ta ló tún ń dààmú orí ara rẹ̀ lórí ẹni tí Ẹ́ńgílándì máa fi ṣáájú, àbí ẹni tó máa ju bọ́ọ̀lù tuntun? Àwọn tí wọ́n bí níbẹ̀ gan-an ò dààmú tó o.

Ohun tí mo rí nígbà náà, tí ojú mi ò sì tíì kúrò lára rẹ̀, ni pé kì í ṣe orúkọ ni wọ́n ń wá tì. Àwọn tó mọ eré wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Ẹgbẹ́ agbègbè 17 ló ń sanwó fún wọn, iṣẹ́ àwọn yẹn ni wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́. Wọ́n á pé jọ ní hòtẹ́ẹ̀lì tí eré bá ku ọ̀la, wọ́n á gbá a, wọ́n á tú ká. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe lẹ́ẹ̀kan ti mọ̀ pé ilé ló kàn, torí náà kì í gbá bọ́ọ̀lù mọ́, ipò rẹ̀ ló ń ṣọ́. Ìwé ìròyìn ń pariwo, àwa náà ń pariwo, àwọn tó ń yan ikọ̀ sì ń gbọ́.

Ìgbà tí New Zealand nà wọ́n ní The Oval ní 1999, tí àwọn èrò ìwòran hó lé Nasser Hussain, balógun wọn, lórí, ni ojú wọn tó là. Láti 2000 ni àjọ kíríkẹ́ẹ̀tì wọn ti ń fúnra rẹ̀ sanwó fún àwọn àgbà ikọ̀, tí wọ́n sì ń fún wọn ní ìsinmi láàrin eré. Ní 2005, wọ́n gba Ashes, oyè tí àwọn àti Ọsirélíà máa ń dù, padà lọ́wọ́ Ọsirélíà, ènìyàn 12 péré ni wọ́n lò.

Mo ti padà sílé nígbà náà, n'Íbàdàn ni mo ti wò ó. Pietersen ti Ẹ́ńgílándì gbá rọ́ọ̀nù 158 ní The Oval lọ́jọ́ ìkẹyìn. Òdo lẹ́ẹ̀mejì ni Ian Bell, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gbà nínú eré kan náà. Kí n tó jókòó dáadáa, fóònù dún, Bọ̀ọ̀dá ni. Kò kí mi.

"Thorpe ni ì bá wà níbẹ̀. Ta ló yan Bell yẹn?"

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ti gba Ashes náà."

Ó ní ìyẹn kọ́ lòun bi mí.