Ọ̀bẹ Dúdú àti Àgbò Iléyá

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, bí Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ni a máa ń sọ ní Ìwáyà wa níbí. Ẹlòmíràn a ra èyí tí wọ́n fi nǹkan dúdú bò lára, kò sì ní fẹ́ pọ́n ọn, kí òkúta má baà ha á lára. Ta ni yóò wá jìyà rẹ̀? Àgbò ni! Nínú hádíìsì tí Shaddad ọmọ Aws gbà wá, tó wà nínú ìwé Muslim, Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pàṣẹ pé kí ẹni tí yóò dúńbú ẹran pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀, kí ó sì dín ìnira ẹran kù. Kò mẹ́nu ba àwọ̀.

Ẹnu ọ̀bẹ tó mú, irin funfun ni. Dandan ni kí ohun dúdú kúrò níbẹ̀ bí a ti ń pọ́n ọn. Ilà ara rẹ̀ kò ní kí ó má gé nǹkan. Ògùn-ún ni kí á ṣọ́, nítorí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń fẹ́ sí wa: ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi òróró díẹ̀ pa á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi kànìnkànìn onírin bó o. Bí ohun dúdú náà bá wá ń ṣí bí èépá, ẹ má fi gé ohun jíjẹ mọ́.

Tiwa ti ha láti orí dé èèkù. Òun náà ni a ó lò lọ́dún yìí, in ṣáà Allāhu.